Ilé Là Ń Wò Kí Á Tó Sọmọ Lórúkọ: Bí A Ṣe Ń Dá Àfòmọ́ Tuntun Mọ̀ Nínú Ẹja Odò

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Bí ọmọ bá dé sí ìdílé ọdẹ, ó lè máa jẹ́ Ọdẹ́wálé. Bí ó bá dé sí ìdílé onílù, Àyàn ni yóò ṣíwájú orúkọ rẹ̀. Bí ó bá dé sí ilé onífá, a óò gbọ́ Fá nínú orúkọ náà. Àwọn ọmọ mìíràn sì wà tí wọ́n ti ọ̀run mú orúkọ wá. Ẹni tí ó mú ẹsẹ̀ wáyé, Ìgè ni. Ẹni tí irun rẹ̀ ta kókó láti inú ìyá rẹ̀, Dàda ni. Ẹni tí a bí tẹ̀ lé ìbejì, Ìdòwú ni. Kò sí ẹni tí yóò bí ọmọ kan ṣoṣo tí yóò sọ ọ́ ní Kẹ́hìndé, nítorí bí ará ilé bá bi í pé, "Táíwò ńkọ́?", kò ní rí èsì fọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n àti olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí mo fẹ́ fi àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ni pé àwọn onímọ̀ nípa ẹranko pẹ̀lú ní ìsọmọlórúkọ tiwọn. Òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé níbẹ̀ kò jìnnà sí tiwa: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀dá kan lórúkọ láìjẹ́ pé ó ti wo ilé tí ẹ̀dá náà ti wá dáadáa, tí ó sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Àwọn kòkòrò àfòmọ́ tí ń gbé inú ẹja odò ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹ bá kà á dé òpin, ẹ óò rí i pé iṣẹ́ náà kò rọrùn, pé wọ́n ti ṣe é dáadáa ní Yunifásítì ilẹ̀ wa, àti pé èrè tàbí àdánù àwọn tí ń sin ẹja wà nínú rẹ̀.

Ìbéèrè tí wọ́n bi mí ní Ìsọlọ̀

Ìsọlọ̀ ni ilé wa wà ní Èkó. Ẹni tí ó bá mọ Ìsọlọ̀ lónìí mọ̀ pé ilé, ilé iṣẹ́ àti ọjà ni ó kún ibẹ̀. Bí a bá yọ kánààlì tí ó gba Òkè-Afà kọjá kúrò, omi tí ojú ń rí níbẹ̀ kò pọ̀. Síbẹ̀ ẹja pọ̀ ní Ìsọlọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni ó wà. Àwọn ènìyàn ń fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì mọ adágún, àwọn mìíràn ń lo táńkì oníke tàbí tapólì, wọ́n sì ń sin àrọ̀ sínú rẹ̀. Àrọ̀ yìí náà ni à ń nawọ́ sí nínú omi ní ilé oúnjẹ, tí wọ́n á pa á lójú ẹni, tí wọ́n á sì fi se ọbẹ̀ ata fún wa.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí ó jẹ́ pé owó ẹja yìí ni wọ́n gbójú lé. Ní ọjọ́ kan, oníbàárà kan la inú àrọ̀ tí ó rà lọ́wọ́ wọn, ó sì bá nǹkan funfun pẹlẹbẹ nínú ìfun rẹ̀, tí ó ń sún kì, tí ó ń nà. Ó dá ẹja padà, ọ̀rọ̀ sì tàn kálẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹnì kan ti ní kí Bàbá da oògùn aràn àgùntàn sínú omi, ẹlòmíràn ní kí wọ́n kó gbogbo ẹja dànù, ẹlòmíràn sì ń sọ kiri pé kòkòrò tuntun kan tí ayé kò rí rí ti wọ Èkó. Bàbá ránṣẹ́ pè mí, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ni mò ń kọ́.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ ń kàwé. Kí ni orúkọ nǹkan yìí? Ṣé lóòótọ́ ni pé tuntun ni?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ìbéèrè méjì ni ẹ bi mí, èkejì sì ṣòro ju èkínní lọ."

Kí á lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì bí ó ti yẹ, ó di dandan kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí àfòmọ́ jẹ́.

Ta ni ń jẹ́ àfòmọ́?

Gbogbo wa mọ àfòmọ́ orí igi. Kò ní gbòǹgbò nínú ilẹ̀; ara igi ẹlòmíràn ni ó ti ń jẹ, ibẹ̀ ni ó ti ń mu. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ni í bá tan. Ìwà yìí ni a wò tí a fi ń pe ẹ̀dá tí ó fi ara ẹ̀dá mìíràn ṣe ilé, tí ó sì ń jẹ lára rẹ̀, ní kòkòrò àfòmọ́. Ti inú ẹja pọ̀ lóríṣiríṣi. Àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ohun tí ẹja fi ń mí ní ẹ̀gbẹ́ orí. Àwọn kan ń gbé inú ìfun, àwọn kan nínú òróǹro, àwọn mìíràn nínú ẹran ara tàbí nínú ẹyinjú. Àwọn kan kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn.

Ṣùgbọ́n ní ti àfòmọ́ inú ẹja, òwe àwọn àgbà yìí kò bá a mu tán. Púpọ̀ nínú wọn kì í bá igi gbogbo tan. Èyí tí ń gbé lára epìyà lè má lè gbé lára àrọ̀ rárá, èyí tí ń gbé inú ìfun kò sì ní lọ sí ibi ìmí. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí onímọ̀ máa ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá mú aràn wá ni pé, "Inú ẹja wo ni o ti rí i? Apá ibo nínú ẹja náà? Odò wo?" Ẹja ni ilé àfòmọ́, ilé ni a sì ń wò.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé níbi tí ẹja bá ti pọ̀ lóríṣiríṣi, àfòmọ́ yóò pọ̀ níbẹ̀ lóríṣiríṣi pẹ̀lú. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jẹ́ irú ibẹ̀. Ní ọdún 1969, Ilan Paperna tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí àwọn àfòmọ́ wíníwíní tí ń lẹ̀ mọ́ àwọn ẹja odò Volta àti ti gúúsù ilẹ̀ Gánà, ó sì sọ ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tí kò lórúkọ tẹ́lẹ̀ lórúkọ. Ní ọdún 1988, Kulo, ọmọ ilẹ̀ Tógò, àti Kritsky láti Amẹ́ríkà tún gbé irú iṣẹ́ yìí lọ síwájú lórí ìran àfòmọ́ kan tí ó wọ́pọ̀ lára àrọ̀ àti àwọn ìbátan rẹ̀. Àwọn tí kò tíì lórúkọ ṣì kù nínú omi wa. Ẹni tí ó bá sọ pé òun rí tuntun kò fi dandan jẹ́ òpùrọ́, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀rí láti mú wá.

Ọ̀nà mẹ́ta tí nǹkan fi lè jẹ́ tuntun

Ọ̀rọ̀ náà "tuntun" máa ń tan ènìyàn jẹ, nítorí ọ̀nà mẹ́ta ni nǹkan fi lè jẹ́ tuntun.

Èkínní, ó lè jẹ́ tuntun lójú ẹni tí ó rí i nìkan. Àwọn ẹlòmíràn ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ pípẹ́, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé. Ọ̀pọ̀ nǹkan tí à ń pariwo lé lórí ló wà ní ìsọ̀rí yìí.

Èkejì, ó lè jẹ́ àlejò. Ó lórúkọ níbi tí ó ti wá, ṣùgbọ́n kò sí ní odò tiwa tẹ́lẹ̀. Aràn pẹlẹbẹ kan wà tí Yamaguti ṣàpèjúwe ní ilẹ̀ Japan ní ọdún 1934. Nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ẹja ilẹ̀ Éṣíà kan lọ sí ilẹ̀ mìíràn láti máa sìn wọ́n, aràn yìí bá wọn rìn, ó sì ti dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní àgbáyé, títí kan Gúúsù Áfíríkà. Bí irú èyí bá yọ níbì kan, tuntun ni sí omi ibẹ̀, kì í ṣe sí ayé. Ohun tí ó yẹ kí á ṣe nípa rẹ̀ ni kí á wádìí ẹni tí ó kó o wá àti ọ̀nà tí ó gbà wọlé. Ìsọmọlórúkọ kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ojúlówó tuntun: ẹ̀dá tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣàpèjúwe rẹ̀ rí, tí kò sì lórúkọ kankan. Ẹnikẹ́ni kò lè dé orí ẹ̀kẹta yìí láìjẹ́ pé ó ti fi ẹ̀rí lé èkínní àti èkejì kúrò lọ́nà.

Bí a ṣe ń wo ilé náà

Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti ojú ẹja. Ẹja gbọ́dọ̀ jẹ́ tútù, bí ó bá ṣe é ṣe kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Aràn tí ó bá ti kú sínú ìfun, tí ó sì pẹ́ níbẹ̀, yóò wú, orí rẹ̀ lè já, àwọn ìwọ̀ kéékèèké orí rẹ̀ sì lè bọ́ dànù. Bí a bá la ìfun sínú omi tí ó ní iyọ̀ díẹ̀, aràn yóò wà láàyè títí a óò fi fọ̀ ọ́ mọ́. Lẹ́yìn èyí, a óò da fọ́ọ̀màlínì gbígbóná lé e lórí, kí ó lè nà gbọọrọ kí ó tó kú. A kì í fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́ pa, nítorí aràn tí a bá tẹ̀ yóò fẹ̀ ju bí Ọlọ́run ti dá a lọ, ìwọ̀n irọ́ ni a óò sì kọ sínú ìwé.

A ó ya díẹ̀ sọ́tọ̀ sínú ọtí líle tí kò ní àbùlà, nítorí fọ́ọ̀màlínì máa ń ba DNA jẹ́. DNA yìí ni àkọsílẹ̀ ìran tí ó wà nínú ara gbogbo ẹ̀dá. Bí a bá kà á, a óò mọ ẹni tí ẹ̀dá kan bá tan. Àwọn tí a fi fọ́ọ̀màlínì pa ni a óò kùn ní aró pupa kan tí à ń pè ní kàmáìnì, kí inú wọn lè hàn. Lẹ́yìn náà ni a óò fi òróró kànáfùrù sọ wọ́n di ohun tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni o, kànáfùrù tí a mọ̀ yìí kan náà. A óò tò wọ́n sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, a óò sì gbé wọn sí abẹ́ máíkírósíkóòpù, awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá.

Nígbà náà ni ìwọ̀n àti àwòrán yóò bẹ̀rẹ̀. Báwo ni orí rẹ̀ ti rí? Ṣé ó ní ìwọ̀ tàbí kò ní? Ṣé ara rẹ̀ ní oríkèé tàbí ó lọ gbọọrọ? Ibo ni ilé ẹyin rẹ̀ wà, ibo ni ti akọ wà? Ibo ni ihò ìbísí rẹ̀ ti ṣí sí ìta? Báwo ni ẹyin rẹ̀ ti tóbi tó? Ọ̀kan ṣoṣo kò tó wọ̀n. Ènìyàn méjì tí ìyá kan bí kì í ga bákan náà, aràn pẹ̀lú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kékeré wà, àgbà wà. Èyí tí ó sún kì wà, èyí tí ó nà wà. Ẹni tí ó bá wọn ọ̀kan péré lè rí kékeré kí ó pè é ní ẹ̀yà ọ̀tọ̀.

Ní ìparí, a óò kó gbogbo ohun tí àwọn aṣáájú ti kọ nípa ìran aràn náà jọ, ì báà jẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ti Faransé tàbí ti Jámánì, a óò sì fi tiwa wé tiwọn. Bí ó bá ṣe é ṣe, a óò bèèrè fún ojúlówó aràn tí wọ́n kọ́kọ́ sọ lórúkọ, èyí tí wọ́n fi pamọ́ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kí á fi ojú ara wa rí i.

Aràn inú àrọ̀

Irú yíyẹ̀wò báyìí ni olùkọ́ wa kan tí ó mọ̀ nípa àfòmọ́ bá mi ṣe fún aràn ilé Bàbá. Orí rẹ̀ ní àwọn ìwọ̀ wíníwíní. Ara rẹ̀ gùn, àwọn ohun ìbísí rẹ̀ sì tún ara wọn ṣe léraléra láti apá òkè dé ìsàlẹ̀. Inú ìfun àrọ̀ ni ó ti wá. Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Ẹni àtijọ́ ni èyí."

Ẹni àtijọ́ ni lóòótọ́. Wedl ti ṣàpèjúwe rẹ̀ láti inú ẹja ilẹ̀ Íjíbítì ní ọdún 1861, ó sì pè é ní Tetracampos ciliotheca. Ní ọdún 1925, Woodland tún fún irú aràn yìí ní orúkọ mìíràn, èyí tí ó wá di Polyonchobothrium clarias, orúkọ yìí sì ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a kọ ní Nàìjíríà. Ní sẹ́ńtúrì yìí ni àwọn onímọ̀ tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n sì dá orúkọ Wedl padà sí ipò rẹ̀. Ní Èkó níhìn-ín pẹ̀lú, Akinsanya àti Otubanjo tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 2006 lórí àwọn aràn inú àrọ̀ ọ̀sà Lẹ́kí, aràn pẹlẹbẹ sì wà lára ohun tí wọ́n bá pàdé. Aràn Bàbá kì í ṣe tuntun, kò sì ya Ìsọlọ̀ sọ́tọ̀.

Ṣé asán ni wàhálà wa wá já sí? Rárá o. Nígbà tí a ti mọ orúkọ, a mọ ìdílé, nígbà tí a sì mọ ìdílé, a mọ ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé. Àwọn aràn ìdílé yìí máa ń kọ́kọ́ gbé inú àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú omi kan tí wọ́n dà bí edé wíníwíní. Ẹja tí ó bá gbé wọn mì ni aràn yóò dàgbà nínú rẹ̀. Irú àwọn ẹ̀dá wíníwíní yìí kan náà ni àwọn òbí wa máa ń bá omi odò mu nígbà tí sòbìà ń da àwọn ará abúlé láàmú, kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde ní ọdún 2013 pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà. Nígbà náà, aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi wà lára ohun tí ó gbà wá. Nítorí náà, ohun tí a sọ fún Bàbá ni kí wọ́n má ṣe lo omi odò tàbí omi àgbàrá, kí wọ́n máa sẹ́ omi tí wọn kò bá dá lójú, kí wọ́n fa adágún gbẹ kí wọ́n sì sá a sí oòrùn lẹ́yìn tí wọ́n bá kó ẹja tán, kí wọ́n sì bi dókítà ẹran léèrè kí wọ́n tó da oògùn kankan sómi. A fi kún un pé ẹja tí a bá ti fọ inú rẹ̀ mọ́, tí a sì sè jinná, kò ní fi aràn yìí ṣe ẹnikẹ́ni níbi.

Bí ó bá jẹ́ pé aràn ìdílé mìíràn ni, ìmọ̀ràn wa ì bá yàtọ̀. Ìdílé mìíràn yìí gan-an ni ó gbé wa dé ọ̀dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ukoli.

Orúkọ mẹ́rin láti odò Ọya

Ní ọdún 1968 ni wọ́n sé odò Ọya ní Kainji, tí ilẹ̀ tí ó gbòòrò sì di adágún ńlá. Ní àkókò yẹn, àwọn onímọ̀ lọ síbẹ̀ láti mọ ohun tí ó wà nínú omi náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n F. M. A. Ukoli ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára wọn. Ní ọdún 1969, ìròyìn àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ nípa aràn inú ẹja odò Ọya ní Shagunu jáde. Ní ọdún 1972, wọ́n tẹ iṣẹ́ tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Àwọn aràn tí wọ́n kọ nípa wọn jẹ́ ti ìran Wenyonia. Ẹja tí wọ́n fẹ́ràn jù ni Synodontis, ẹja onírùngbọ̀n tí ẹ̀gún líle wà ní ẹ̀yìn àti ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí àwọn Hausa ń pè ní kurungu. Àwọn kan nínú ẹja yìí máa ń dojú ikùn kọ òkè wẹ̀. Wenyonia kò dà bí aràn inú àrọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ara rẹ̀ kò ní oríkèé. Ohun ìbísí akọ kan, ohun ìbísí abo kan, àwọn méjèèjì nínú ara kan náà, ó tán. Àwọn aràn tí wọ́n wà ní ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í gba inú edé wíníwíní wọlé. Inú àwọn ekòló kéékèèké tí ń gbé ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ni wọ́n ń gbà. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ń yọ lẹ́nu, ẹrẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wò.

Woodland ni ó dá orúkọ ìran yìí sílẹ̀ ní ọdún 1923 láti inú ẹja odò Náílì ní Sudan. Ẹ̀yà mẹ́ta ni ó sọ lórúkọ lọ́dún náà: Wenyonia virilis, Wenyonia acuminata àti Wenyonia minuta. Ní ọdún 1937, ó fi Wenyonia longicauda kún un láti Sierra Leone. Ẹ kíyè sí bí orúkọ náà ti rí: èkínní dà bí orúkọ ìdílé, èkejì dà bí orúkọ àbísọ. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ukoli yẹ ti odò Ọya wò, wọ́n rí i pé àwọn kan kò bá èyíkéyìí nínú àwọn wọ̀nyí mu. Wọ́n sọ mẹ́rin lórúkọ: Wenyonia synodontis, Wenyonia youdeoweii, Wenyonia kainjii àti Wenyonia mcconnelli.

Ọdún 39 kọjá. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ mẹ́rin, Schaeffner, Jirků, Mahmoud àti Scholz, tún gbogbo ìran Wenyonia yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Yunifásítì Khartoum ni Mahmoud ti wá; nítorí náà ọmọ etí odò Náílì wà nínú wọn. Wọ́n fi àwọn aràn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó láti inú omi Áfíríkà wé àwọn tí ó ti wà ní ìpamọ́ tẹ́lẹ̀. Ìdájọ́ wọn ni pé ẹ̀yà mẹ́fà péré ni ó dúró. Mẹ́rin jẹ́ ti Woodland. Méjì jẹ́ ti Ukoli: Wenyonia synodontis àti Wenyonia youdeoweii. Wọ́n ní ẹ̀yà kan náà ni kainjii àti virilis, wọ́n sì ní ẹ̀yà kan náà ni mcconnelli àti minuta.

Ẹlòmíràn lè gbọ́ èyí kí ó sọ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n ilẹ̀ wa gba òdo nínú méjì. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Woodland fúnra rẹ̀ ni ó tún aràn inú àrọ̀ tí Wedl ti sọ lórúkọ sọ lórúkọ. Kò sí ẹni tí kì í ṣẹlẹ̀ sí nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé iṣẹ́ Ìbàdàn ní ọdún 1972 ṣe kedere tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó dé lẹ́yìn ọdún 39 fi lè gbé e sórí òṣùwọ̀n. Orúkọ tí a kò lè yẹ̀ wò kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Méjì nínú ẹ̀yà mẹ́fà tí ayé mọ̀ ní ìran yìí ni ó jẹ́ pé odò Ọya ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi wọ́n hàn, tí ó sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti gba orúkọ.

Òfin ìsọmọlórúkọ

Ta ni ó ń pinnu orúkọ tí yóò dúró? Ìwé òfin kan wà tí gbogbo onímọ̀ nípa ẹranko ní àgbáyé ń lò. Ẹ̀dà kẹrin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2000. Mẹ́ta nínú òfin rẹ̀ ni ó kan ọ̀rọ̀ wa.

Òfin kìíní ni ti ipò àgbà. Bí ẹ̀dá kan bá ní orúkọ méjì, èyí tí ó kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ni ẹ̀gbọ́n, òun ni yóò sì dúró. Èyí tí ó tẹ̀ lé e di àbúrò. Virilis ti ọdún 1923 ni ẹ̀gbọ́n, kainjii ti ọdún 1972 ni àbúrò. Ní ti ìbejì, àwa a máa ka Kẹ́hìndé tí ó dé lẹ́yìn sí ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n òfin ẹranko kò mọ ìyẹn. Ọdún 1758, nígbà tí ẹ̀dà kẹwàá ìwé Linnaeus jáde, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ipò àgbà yìí.

Òfin kejì ni ti ẹ̀rí. Láti ọdún 2000, ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ẹ̀yà tuntun lórúkọ gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ẹ̀dá tí orúkọ náà so mọ́, ọ̀kan tàbí àkójọ kan, kí ó sì sọ ibi tí wọ́n fi í pamọ́ sí. Orúkọ so mọ́ ara kan tí a lè lọ wò. Bí ara náà bá sọnù, iyàn jíjà kò ní tán.

Òfin kẹta ni ti ìkéde. Orúkọ tí a sọ nínú yàrá, tàbí tí a kọ sínú ìwé àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ tí kò jáde síta, kò tíì di orúkọ. A kì í dá ìkómọjáde ṣe. Ará ilé àti ará àdúgbò gbọ́dọ̀ gbọ́.

Kí ni ó kàn wá?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò bèèrè pé kí ni aràn inú ẹja ń wá nínú ìwé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Èsì mi rèé.

Lọ́nà kìíní, ọ̀rọ̀ owó ni. Àwọn tí ń sin ẹja ní Ìsọlọ̀, ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́ ń ra ọmọ ẹja láti ibi kan lọ sí ibòmíràn, àfòmọ́ sì ń bá ẹja rìn. Ẹni tí kò mọ orúkọ ohun tí ń ṣe é kò lè mọ ẹnu ọ̀nà tí yóò tì. Oògùn àgùntàn ni yóò máa rà.

Lọ́nà kejì, ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí àwa tí ń ṣe ìwádìí má ṣe da aràn nù lẹ́yìn tí a bá ti kà wọ́n tán. Ìgò kékeré kan, ọtí líle díẹ̀, àti bébà tí a fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ẹja, odò àti ọjọ́ sí, kò wọ́n jù. Ẹni tí yóò yẹ iṣẹ́ wa wò ní ọdún 40 òní lè má tíì wáyé.

Lọ́nà kẹta, ọ̀rọ̀ èdè ni. Àwọn apẹja wa mọ ẹja kan yàtọ̀ sí èkejì kí Woodland tó dé Áfíríkà. Wọ́n mọ̀ pé òbòkún kì í ṣe àrọ̀, wọ́n sì mọ̀ pé òjìjí kì í ṣe ohun tí à ń fọwọ́ lásán dì mú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ni ó yẹ kí ó lọ kó orúkọ wọ̀nyí jọ létí odò àti létí ọ̀sà, kí wọ́n kọ wọ́n pẹ̀lú àmì ohùn tí ó péye, kí àwa tí a ń ka ẹ̀kọ́ ẹranko lè mọ ẹja tí olúkúlùkù ń tọ́ka sí. Iṣẹ́ àjọṣe ni. Ìmọ̀ ilé ẹja ń bẹ lọ́wọ́ apẹja ju bí ó ti wà lọ́wọ́ wa lọ.

Àgbálọgbábọ̀

Kí á tó lè sọ pé àfòmọ́ kan jẹ́ tuntun, a gbọ́dọ̀ mọ ẹja tí ó ti wá, kí á tọ́jú ara rẹ̀ dáadáa, kí á wọn púpọ̀, kí á ka ohun tí àwọn aṣáájú kọ, kí á fi tiwa wé tiwọn, kí á fi ẹ̀rí pamọ́, kí á sì kéde. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹlòmíràn ṣì lè dé lọ́la kí ó fi ẹ̀rí tí ó ju tiwa lọ yí orúkọ náà padà, inú wa kò sì gbọdọ̀ bàjẹ́. Àwọn tí ó sọ Wenyonia synodontis lórúkọ ní Ìbàdàn ní ọdún 1972 ti fi bí a ti ń ṣe é hàn wá. Omi ilẹ̀ wa ṣì kún fún àwọn ọmọ tí kò tíì lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí wà lára àwọn tí yóò kó wọn jáde.